Ọkùnrin Tó Ń Ṣọ́ Ẹnu Ọ̀nà Kọ̀ńpútà

Orí fóònù ni Ìyá Aránṣọ ti gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ kẹ́yìn. Ọ̀sán ni. Ó fi èjìká há fóònù mọ́ etí, torí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di aṣọ mú lábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ.

"Aránṣọ mi, yàrá oògùn nìkan ló kù. Lọ́la ni màá fi han ìgbìmọ̀. Bá mi sọ fún ọmọ nọ́ọ̀sì yẹn kó fọkàn balẹ̀."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹlòmíì lọ́kàn balẹ̀, ṣé ẹ ti jẹun?"

"O ti tún bẹ̀rẹ̀. Màá jẹ, màá jẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó pa fóònù. Kílẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ọkàn ọkọ rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́.

Bàbá Kọ̀ńpútà ni gbogbo ilé ìwòsàn náà ń pè é, àti dókítà àti ẹni tó ń gbálẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, ẹnu ọ̀nà ni: kí ẹni tó yẹ wọlé, kí ẹni tí kò yẹ dúró síta, kí ẹni tó bá ti parí sì jáde pátápátá. Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ó ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ tí ẹlòmíì ò gbọdọ̀ mọ̀, àwọn aṣọ́nà kan wà lẹ́yìn ojú kọ̀ńpútà tí wọ́n tò tẹ̀ léra. Ọ̀kan á wò ó bóyá òun ni lóòótọ́. Ọ̀kan á wò ó bóyá wọn ò tíì lé e lẹ́nu iṣẹ́. Òmíràn á ṣílẹ̀kùn yàrá rẹ̀ fún un, òun náà ló sì máa tì í tó bá jáde. Èèyàn lè yọ ọ̀kan, kó fi òmíràn rọ́pò ẹ̀, ilé ò ní wó.

"Àwọn aṣọ́nà yìí, ṣé wọ́n máa ń sùn?"

"Wọn kì í sùn, wọn kì í ṣàárẹ̀, wọn kì í sì í da ìbéèrè bo èèyàn bíi tìẹ."

"Ẹ ò bá kúkú ti fẹ́ wọn."

Nígbà tó ṣì jẹ́ àjèjì níbi iṣẹ́ ọ̀hún, ó yí òfin aṣọ́nà kan padà, ó sì jáde nínú kọ̀ńpútà láì tíì dán an wò. Ni wàhálà bá dé. Aṣọ́nà ò mọ dókítà, kò mọ nọ́ọ̀sì, kò mọ òun alára tó gbà á síṣẹ́. Bébà ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Látìgbà náà, kì í jáde nínú kọ̀ńpútà tó bá ti wọ̀ àfi tó bá ti fi òfin tuntun gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọlé. Ó kó àṣà yìí wálé. Ọjọ́ tó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé, inú ilé ló jókòó sí, ó ní kí ìyàwó bọ́ síta lọ dán an wò. Òjò sì ń rọ̀.

"Bàbá yìí, ṣé ẹ fẹ́ kí n wọlé ni, àbí ẹ fẹ́ fẹ́ ẹlòmíì?"

"Yí i sápá ọ̀tún. Bí kò bá ṣí, èmi wà nínú ilé."

"Ẹ̀yin tí òjò ò pa!"

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì kan ló gbà á lọ́kàn kẹ́yìn. Ọmọbìnrin náà wà nídìí kọ̀ńpútà yàrá oògùn nígbà tí aláìsàn kan ṣubú lóde. Ó sáré lọ gbé e, kò rántí jáde nínú orúkọ ara rẹ̀. Ẹnì kan bá jókòó síbẹ̀, ó fi orúkọ rẹ̀ gba oògùn líle kan jáde, oògùn ọ̀hún sì di àwátì. Ìgbìmọ̀ ní kò sí bí ẹlòmíì ṣe lè lo orúkọ rẹ̀, àfi tó bá fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé ná.

Ọmọbìnrin náà wá bá tọkọtaya nílé, ó ń sunkún. Àjákù aṣọ ni Ìyá Aránṣọ fún un kó fi nujú.

"Bàbá, mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Màmá mi gan-an ò mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Aṣọ́nà kì í wojú. Tó bá ti ṣílẹ̀kùn, ẹni yòówù tó bá jókòó síbẹ̀, ìwọ ló máa pè é. Màá fi hàn wọ́n."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ́nà tuntun síbi iṣẹ́, láti yàrá dé yàrá. Káàdì tí òṣìṣẹ́ ń gbé kọ́rùn ló máa fi wọlé. Tó bá ti yọ káàdì, ilẹ̀kùn á tì fúnra rẹ̀. Ó pinnu pé lójú ìgbìmọ̀, nínú yàrá oògùn yẹn tí aṣọ́nà àtijọ́ ṣì wà, alága á ṣí kọ̀ńpútà ní orúkọ ara rẹ̀, á dìde, òun á jókòó, òun á sì kọ ohun tó wu òun lórúkọ alága. Lẹ́yìn náà lòun á wá fi aṣọ́nà tuntun hàn wọ́n.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ìyá Aránṣọ wé gèlè, ó lọ bá ìgbìmọ̀. Ó ro gbogbo ẹ̀ láì fi ọ̀kan sílẹ̀. Alága dìde fún un, ó kí i kú ọ̀fọ̀.

"Ẹ ṣé gan-an, màmá. Àmọ́ ojú la fẹ́ fi rí i, kì í ṣe etí."

"Kò le, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀. Ẹ̀yin ẹ ṣí i, ẹ dìde, kí n jókòó."

Alága wolẹ̀. "Màmá, ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ò gbọdọ̀ wọ yàrá oògùn."

Wọ́n ní àwọn máa wá ẹlòmíì tó mọ iṣẹ́ náà. Wọn ò tíì gba ẹnì kankan. Nọ́ọ̀sì náà ń wá sọ́dọ̀ Ìyá Aránṣọ láràárọ̀, ó ń bá a rán bọ́tìnì mọ́ ẹ̀wù. Kò tíì sẹ́ni tó fi han ìgbìmọ̀ pé ẹlòmíì lè lo orúkọ rẹ̀.