Òrùlé Jíìpù Tó Ń Dúró De Òjò

Orogún mi ni mo máa ń pè é. Mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àmọ́ ká má parọ́, owú wà nínú yẹ̀yẹ́ náà. Òrùlé jíìpù ọkọ mi ni mò ń sọ, òrùlé fáíbà funfun tó ṣeé tú kúrò lórí mọ́tò, tó sì ṣeé dá padà. Tí ọyẹ́ bá ti dé, tí òjò ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Ore níbí, ọkọ mi á pe àwọn ọkùnrin àdúgbò, wọ́n á bá a gbé e kúrò kí ẹ̀yìn jíìpù lè gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń kó láti oko rẹ̀ ní Ajue. Mọ́tò tí kò ní òrùlé, èèyàn lè to ẹrù gòkè lórí ẹ̀ títí ẹ̀rù á fi máa ba ẹni tó jókòó níwájú. Tí òjò àkọ́kọ́ bá sì ti rọ̀, òrùlé á padà sáyè rẹ̀. Láàárín ìgbà méjèèjì yìí, ilé wa ló ń gbé, ó sì ń gbé bí ọba.

Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé wa tí bàbá ọkọ mi ń kó kòkó gbígbẹ sí nígbà ayé wọn. Ibẹ̀ ni ọkọ mi kan ẹsẹ̀ pákó sí, tí òrùlé náà ń gbé orí ẹ̀. Ó gé fóòmù ibùsùn tó ti gbó, ó fi wé orí pákó, ó wá fi ìró mi kan dè é. Ìró tí mo ṣì ń ró. Mo bínú, mo ní ṣé kò rí àkísà nínú ilé ni. Ó ní àkísà á ha á lára. Kì í jẹ́ kó kan ilẹ̀, torí ilẹ̀ wa máa ń tutù, ikán sì pọ̀. Kì í fi ọ̀rá bò ó, ó ní abẹ́ ọ̀rá ni ooru ti ń di omi. Aṣọ òwú ló fi ń bò ó, kí atẹ́gùn lè máa rí ọ̀nà wọlé. Rọ́bà tó yí etí rẹ̀ ká, omi ọṣẹ ló fi ń wẹ̀ ẹ́, tó bá gbẹ, á fi páúdà ọmọ ọwọ́ pa á kó má bàa le. Mo ní, "Ọmọ mẹ́ta ni mo bí fún yín, ẹ ò fi páúdà pa ìkankan nínú wọn rí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Tíṣà ló ń pè mí. Ìjọba ló gbé mi láti ìhà Ọ̀yọ́ wá kọ́ àwọn ọmọ ní Odigbo. Mo rò pé mi ò ní pẹ́ lọ, ni mo bá pàdé ọmọ Ìkálẹ̀ kan tó máa ń fi jíìpù rẹ̀ gbé mi kọjá níbi tí ẹrẹ̀ bá wà. Bí mo ṣe dúró nìyẹn.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú òrùlé náà kúrò tán ni àìsàn rọpárọsẹ̀ bá dá ọkọ mi dùbúlẹ̀. Apá òsì kọ̀, ẹsẹ̀ òsì kọ̀. Dókítà sọ ọ́ lójú mi pé kó má wa mọ́tò mọ́. Ẹni tó ti ń wa mọ́tò kí irùngbọ̀n rẹ̀ tó hù. Nígbà tí a délé, ó dojú kọ ògiri. Mo se ọbẹ̀ tó fẹ́ràn jù, kò tọ́ ọ wò. Àwọn ará ilé àdúrà wá kọrin yí i ká, ó dijú bí ẹni tó sùn, mo sì mọ̀ pé kò sùn. Wọ́n ní àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Àmọ́ ohun tó wà níwájú mi yìí kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe ikú. Ọkùnrin kan ni tí kò rí ìdí tó fi yẹ kóun dìde lórí ibùsùn. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù.

Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a ta jíìpù. Ó ní òun ò fẹ́ máa wò ó láti ojú fèrèsé. Ọ̀dọ́kùnrin kan láti Araromi-Obu, tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá sọ́jà Ore, ló rà á. Ọmọlúàbí ni, mi ò lè sọ ohun mìíràn nípa rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo kórìíra rẹ̀ nígbà tó yá. Lọ́jọ́ tó wá gbé mọ́tò, mo ní kó kó òrùlé náà lọ pẹ̀lú, kí ojú wa kúrò lára ẹ̀. Ó lọ wo yàrá ẹ̀yìn, ó wo bí nǹkan ṣe wà létòlétò, ó wá wọlé tọ ọkọ mi lọ, ó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò níbi tí mo lè gbé e sí. Ewúrẹ́ á máa gùn ún, oòrùn á máa pa á. Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ títí òjò á fi dé."

Ọkọ mi yíjú kúrò lára ògiri. Ó bi mí pé kí ni mo fi bò ó láti ọjọ́ tóun ti dùbúlẹ̀. Mo ní ọ̀rá ni, torí eruku.

"Ọ̀rá, Tíṣà?" Ó na apá ọ̀tún sí wa. "Ẹ gbé mi dìde."

Èmi àti ọmọ ọlọ́mọ yẹn la gbé e dìde, tí a mú un dé yàrá ẹ̀yìn. Ó bú mi dáadáa lọ́jọ́ náà. Inú mi dùn débi pé mo lọ sunkún nílé ìdáná.

Láti ìgbà yẹn, kò sí àárọ̀ tí ilẹ̀ mọ́ tí ọkọ mi kò dìde. Á fi ọ̀pá tilẹ̀, á fa ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ lé ọ̀tún, á lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Ọwọ́ kan ló fi ń ṣí aṣọ, ọwọ́ kan náà ló fi ń nu eruku. Ó ní kí n bá òun wá agolo, kí n rọ ọ́ìlì dúdú sí i, kí n gbé ẹsẹ̀ pákó sínú rẹ̀ kí ikán má bàa gòkè. Lọ́jọ́ kan ó rí àmì eyín èkúté lára rọ́bà, ó sì pariwo tí àwọn aládùúgbò fi yọjú. Ariwo yẹn dùn létí mi ju orin lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà lórí iyọ̀. Èmi tí mò ń jowú òrùlé, mo di ẹni tó ń yọjú sí i láàárọ̀ kí n tó lọ sí ilé ìwé, tí mò ń kí i pé orogún mi, o kú iṣẹ́.

Àmọ́ mo mọ àdéhùn tí wọ́n ṣe. Títí òjò á fi dé ni. Lójoojúmọ́, mò ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń wo ojú ọlọ́pàá.

Lọ́dún náà òjò pẹ́. Ó pẹ́ tó fi di ọ̀rọ̀ lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ewé kòkó ń ká kò, kànga ń gbẹ, ẹ̀gẹ́ kò ṣeé fà tu nínú ilẹ̀ tó le bí bíríkì. Ìjọ wa nílé àdúrà gba ààwẹ̀ nítorí òjò. A bọ́ bàtà, a wọ aṣọ funfun, a kúnlẹ̀. Wòlíì wa lu agogo, ó ní, "Olúwa, ṣí fèrèsé ọ̀run." Gbogbo ilé ń ké Àmín. Èmi pa ẹnu mọ́. Obìnrin tó kúnlẹ̀ tì mí fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, ó ní, "Màámi Tíṣà, ṣé ẹ̀ ń sùn ni?" Mo ní ọ̀fun ló ń dùn mí.

Ọlọ́run mọ̀ pé ọ̀fun ò dùn mí. Ohun tí mò ń sọ fún un nínú ikùn mi ni pé, Bàbá, ẹ jẹ́ kó tún pẹ́ díẹ̀ sí i. Gbogbo ìjọ dojú kọ apá kan, èmi nìkan dojú kọ apá kejì. Mi ò sì tọrọ àforíjì lónìí. Tó bá tún di ọ̀la, ohun kan náà ni màá bẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni àbúrò ọkọ mi obìnrin wá láti Ajue. Opó ni, oko kòkó ló fi ń tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó kó àwọn ọ̀gbìn kòkó tó ti kú wá nínú agbọ̀n, ó tú wọn sílẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó jókòó sórí sìmẹ́ǹtì. Kò sunkún. Ó ní gbogbo èyí tóun gbìn ló rí báyìí, òun ò sì mọ ohun tóun máa bá àwọn ọmọ sọ. Ọkọ mi mú igi kan níbẹ̀, ó fi àtàǹpàkò rún ewé rẹ̀, ewé náà di lẹ́búlẹ́bú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a gbàdúrà òwúrọ̀ bí a ti máa ń ṣe, èmi àti òun létí ibùsùn. Èdè Ìkálẹ̀ ló máa ń fi gbàdúrà. Ó ní èyí tí ìyá òun fi kọ́ òun nìyẹn. Mò ń fetí sí i, lójijì mo gbọ́ ọ̀rọ̀ òjò lẹ́nu rẹ̀. Ó ń tọrọ òjò. Ó ń bẹ Ọlọ́run kó rọ̀ ọ́ sí Ajue, kó rọ̀ ọ́ sí Araromi-Obu, kó rọ̀ ọ́ sí Ore níbí. Mo dì í lápá.

"Dádì, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ̀ ń tọrọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Tí òjò bá dé, ọmọ yẹn á wá gbé òrùlé rẹ̀."

"Tirẹ̀ ni, Tíṣà. Ṣé torí òrùlé kan ni kí àwọn ọmọ àbúrò mi má fi jẹun?" Ó di ọwọ́ mi mú. "Mi ò gbọ́ Àmín lẹ́nu rẹ."

Mo wò ó. Ó ń dúró dè mí, ó sì mọ ohun tó wà nínú mi, ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Mo ṣe Àmín.

Mo wà nínú kíláàsì lọ́sàn-án ọjọ́ tí òjò náà dé. Àwọn ọmọ pariwo, wọ́n sá bọ́ síta, wọ́n ń jó nínú rẹ̀. Mo dúró pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, omijé ń dà lójú mi. Àwọn olùkọ́ yòókù rò pé ayọ̀ ni, wọ́n ń bá mi dúpẹ́.

Kí ilẹ̀ tó gbẹ lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ ohùn jíìpù. Ọjọ́ pẹ́ tí ohùn yẹn ti ń sọ fún mi pé ọkọ mi ti dé láti oko, ara mi ti dìde láti lọ bu omi fún un kí n tó rántí. Ọ̀dọ́kùnrin náà mú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. Ọkọ mi dúró lórí ọ̀pá rẹ̀, ó ń darí wọn. "Ẹ má fà á. Ẹ gbé e. Iwájú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀." Bóòtù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi ń dè é wọ ihò rẹ̀ láìjanpata. Rọ́bà dì mọ́ etí mọ́tò, kò sí ibi tí ìka lè gbà kọjá.

"Bàbá," ọ̀dọ́kùnrin náà wí, "ó dà bí ẹni pé kò kúrò níbẹ̀ rí."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi tí mo ti gbàgbé bó ṣe ń dún, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún gbá òrùlé náà pẹ́pẹ́. Mo tẹ̀ lé ọ̀dọ́kùnrin náà dé ẹnu géètì. Mo bi í bóyá kò lè fi í sílẹ̀ fún wa díẹ̀ sí i.

"Màámi, òjò ti dé."

"Mo rí i."

Ó wo ojú mi, ojú tì í, kò mọ ohun tó fà á. Ó ní tí ọyẹ́ bá dé, òun á tún gbé e wá fún Bàbá. Ó sọ ọ́ tinútinú. Àmọ́ láti ìgbà òjò dé ìgbà ọyẹ́, ọ̀nà jìn.

Lówùúrọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wọlé kó fi bọ́jú. Mo ní, "Dádì, ilẹ̀ ti mọ́." Ó lajú, ó wò mí. Kò bínú, kò sunkún.

"Tíṣà, kí n dìde wá ṣe kí ni?"

Mo ti múra ìdáhùn sílẹ̀ láti àná. Mo ní ohùn rédíò ti ń há, kó bá mi wò ó. Mo ní ilẹ̀kùn ilé ìdáná kò padé dáadáa mọ́. Mo ní àwọn ọmọ wa máa pè láti Èkó. Ó ń fetí sí mi bí èmi náà ti máa ń fetí sí ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ tí mo fún un. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi, mo wá sọ òótọ́. "Ẹ dìde kí ẹ wá jókòó tì mí."

Ó fi ọwọ́ ọ̀tún kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. "O ti jókòó tì mí tó, Tíṣà. O ṣeun."

Ó yíjú sí ògiri. Mo mọ̀ pé mo lè bínú, mo mọ̀ pé mo lè bẹ̀ ẹ́, mo sì ṣe méjèèjì láwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Kí òjò ọdún náà tó dá, mo ti di opó.