Afẹ̀yìnrìn àti Kọ́nà Alágbàfọ̀

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni ọkùnrin yìí ti ń fi ẹ̀yìn rìn jẹun. Bí ẹni tó ń mú àlejò rìn káàkiri ìlú bá kọ ẹ̀yìn sí wọn, atẹ́gùn ló ń gbé ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ó kọjú sí wọn, ó ń fi gìgísẹ̀ wá ọ̀nà, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ ràì. Kò kọlu òpó rí. Ó kọlu ọlọ́pàá lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá náà ló lọ dúró síbi tí kò yẹ. Àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní Afẹ̀yìnrìn, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé ìyàwó rẹ̀ pàápàá a máa pè é bẹ́ẹ̀ bí inú bá ń bí i.

Kó tó di afinimọ̀nà, lẹ́tà ló ń pín. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi gbé àpò lẹ́tà kọ́ èjìká kan náà, èjìká ọ̀hún sì rẹlẹ̀ ju ìkejì lọ títí di òní. Kò sí ilẹ̀kùn tí kò mọ̀, kò sì sí ajá tí kò lé e rí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú pálọ̀ wọn, fara da ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn oníbàárà bó ṣe yẹ kí apá aṣọ wọn gùn tó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyàwó yọ píìnì ẹnu rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí obìnrin yìí bá ń ránṣọ, píìnì ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ti mọ bí a ti ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu sọ̀rọ̀ tí ẹyọ kan kò ní í já bọ́. Bó bá wá yọ wọ́n, tó tò wọ́n sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀ nìyẹn. Ó ní kí ọkọ òun lọ wá nǹkan ṣe níta, pé òun fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni, òun kò sì fẹ́ kí ìfẹ́ náà tán.

Báyìí ló ṣe lọ gba báàjì afinimọ̀nà ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó àlejò ìlú. Ìrìn wákàtí méjì ni ìrìn rẹ̀, ohun tó sì ń rò fún àwọn àlejò ni bí ìlú náà ṣe paradà nínú ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Á fi ibi tí odi ìlú wà kí wọ́n tó wó o hàn wọ́n. Á mú wọn dúró sórí odò kékeré kan tí wọ́n fi òkúta bò mọ́lẹ̀, tó wá di gọ́tà abẹ́ ilẹ̀, á sì ní kí wọ́n dẹtí sílẹ̀ kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń ráhùn. Á fi òpó àtùpà gáàsì àkọ́kọ́ hàn wọ́n, àti ibùdókọ̀ reluwé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá bọ́ sí Òpópónà Tuntun, èyí tí a ṣì ń pè ní Tuntun bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dàgbà ju bàbá bàbá gbogbo wa lọ. Mẹ́yọ̀ ayé ìgbà náà, olórí ìjọba ìlú, ló là á já láti ibùdókọ̀ reluwé dé ibi odi àtijọ́. Ọ̀nà náà fẹ̀, ó sì tọ́ bí okùn aṣọ tí a fà le, àfi láàárín gbùngbùn rẹ̀ níbi tó ti ṣàdédé yà bí ìgúnpá.

Kọ́nà yìí ló kó bá a. Ní oṣù kejì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, àlejò kan bi í pé kí ló dé tí ọ̀nà fi yà. Kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n júwe ilé fún gbogbo ìlú kò mọ bí a ti ń sọ pé òun kò mọ̀. Ó la ẹnu, ìtàn sì jáde fúnra rẹ̀. Ó ní opó kan ló nílé síbẹ̀, alágbàfọ̀, ilé oníyàrá méjì. Mẹ́yọ̀ rán ọlọ́pàá sí i, ó rán lọ́yà, kò gbà. Mẹ́yọ̀ wá fúnra rẹ̀ tòun ti fìlà gíga lórí. Obìnrin náà wo kọ́là ọrùn rẹ̀, ó ní ó ti dọ̀tí, kó bọ́ ẹ̀wù náà sílẹ̀ kó padà wá gbà á lọ́jọ́bọ̀. Ni ojú bá ti Mẹ́yọ̀, ni ọ̀nà bá yà fún alágbàfọ̀. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́ nínú òjò.

Irú àtẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbọ́ tán kó wá panu mọ́. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, alágbàfọ̀ ti bí ọmọ mẹ́rin. Nígbà tó di ọdún karùn-ún, ó ti ń tiro. Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní kọ́nà náà gan-an, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe búrẹ́dì kan tó pè ní Búrẹ́dì Alágbàfọ̀, ó sì ní kí akunlé kan yàwòrán obìnrin tó káwọ́ gbera sára ògiri. Akunlé kò rí ẹni tí ì bá wò yà, ló bá wo Ìyá Oníbúrẹ́dì fúnra rẹ̀. Bí àwọn àlejò bá dé, obìnrin náà á jáde wá dúró lábẹ́ àwòrán, á káwọ́ gbera, á sì máa mi orí bí ìtàn bá ti ń lọ, bí ẹni pé ìyá rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń sọ.

Lẹ́tà wá dé láti ọ́fíìsì. Ó ní òfin tuntun ti jáde: ohunkóhun tí afinimọ̀nà bá sọ fún àlejò gbọ́dọ̀ ní ìwé tó tì í lẹ́yìn ní ilé àkójọ ìwé àtijọ́ ìlú, ẹni tí wọ́n bá ká irọ́ mọ́ lẹ́nu á dá báàjì padà. Alábẹ̀wò ń bọ̀ wá bá a rìn ní ọjọ́ Ẹtì. Ìyàwó rẹ̀ ka lẹ́tà náà tán, ó sì yọ píìnì ẹnu rẹ̀, gbogbo ẹ̀.

“Bàbá wọn,” ó ní, “ṣé wọ́n fẹ́ dá yín padà sílé fún mi ni?”

Ọ̀rọ̀ yìí ló lé e lọ sí ilé àkójọ ìwé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bóyá ó lè rí alágbàfọ̀ kan, èyíkéyìí, tó bá Mẹ́yọ̀ kan jà. Akọ̀wé ibẹ̀ jẹ́ obìnrin kan tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kó lọ fọwọ́ kó tó gbé ìwé àkọ́kọ́ fún un, ìgbà tó sì sín, ó gbé ìwé náà kúrò níwájú rẹ̀ títí ó fi fọn imú tán. Ọjọ́ méjì ni kò rí nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹta, ó rí ìdí tí ọ̀nà fi yà.

Àṣẹ Mẹ́yọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ síbẹ̀, pé kí òpópónà náà jìnnà sí odò kékeré náà ní ọgọ́rin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọgọ́rin kí ni? Akọ̀wé Mẹ́yọ̀ kò kọ ọ́. Ọdún yẹn gan-an ni ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn fi ẹsẹ̀ bàtà sílẹ̀, kí wọ́n máa fi mítà wọn nǹkan. Ikọ̀ òṣìṣẹ́ méjì ló ń la ọ̀nà náà bọ̀, ọ̀kan láti ibùdókọ̀ reluwé, ìkejì láti ibi odi. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni ọ̀gá ti ibùdókọ̀, ó ka mítà ọgọ́rin. Àgbàlagbà ni ọ̀gá ti odi, ó ka ẹsẹ̀ bàtà ọgọ́rin, bó ṣe ń kà á láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi wó ilé bọ̀. Nígbà tí eruku rọlẹ̀ tí wọ́n sì rí ara wọn, ó ku mítà mẹ́rìndínlọ́gọ́ta kí wọ́n tó kojú ara wọn. Ojú ewé mọ́kànlá ni èébú tí àwọn ọ̀gá méjèèjì fi lẹ́tà bú ara wọn. Mẹ́yọ̀ wá pàṣẹ pé kí wọ́n fi kọ́nà so ó pọ̀, ó sì kéde fún ìlú pé ẹwà ni kọ́nà jẹ́ fún òpópónà.

Afẹ̀yìnrìn rẹ́rìn-ín títí akọ̀wé fi wò ó ní ìwòkuwò. Lẹ́yìn náà ló ṣí ojú ewé kejì, ẹ̀rín sì tán. Ilé méje tí kò sí nínú ètò tẹ́lẹ̀ ló bọ́ sójú kọ́nà náà, nọ́ńbà mẹ́tàlélógójì dé márùndínlọ́gọ́ta ní ẹ̀gbẹ́ tí nọ́ńbà ti ń fo ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì wó gbogbo wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń fò láti nọ́ńbà mọ́kànlélógójì bọ́ sí mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ní ẹ̀gbẹ́ yẹn, tó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ẹni tó kọ nọ́ńbà ti mutí yó. Ẹ̀bá odò ni, nítorí náà alágbàfọ̀ ni mẹ́rin nínú àwọn onílé méjèèje. Orúkọ Mẹ́yọ̀ wà nínú ìwé náà nígbà mọ́kàndínlógún. Ẹṣin tó kó àlàpà lọ ní orúkọ, Akíkanjú ni wọ́n ń pè é. Níwájú nọ́ńbà mọ́kàndínláàádọ́ta, ohun tí wọ́n kọ ni: alágbàfọ̀, opó, yàrá méjì. Kò tún sí nǹkan mìíràn.

Ojú tì í. Ó ti fi ọdún mọ́kànlá sọ fún aráyé pé ọ̀nà yà fún obìnrin yìí, orí ilé rẹ̀ gan-an ni ọ̀nà sì yà gbà. Nílé, ìyàwó rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kó kàn sọ pé ọ̀nà yà nítorí pé ó yà, kó sì máa bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ rẹ̀ kò lọ lẹ́nu.

Ní ọjọ́ Ẹtì, àlejò mẹ́wàá ló wá. Alábẹ̀wò, obìnrin kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ tó sì mú ìwé ńlá dání, ní kí wọ́n ṣe bí ẹni pé òun kò sí níbẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò rí ṣe. Bàbá arúgbó kan tó le létí wà nínú wọn pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Bí Afẹ̀yìnrìn bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyá náà á fi ẹnu sí ọkọ rẹ̀ létí, á ní, “Wọ́n wó odi.” Bí wọ́n bá dé ibòmíràn, lẹ́yìn àlàyé gbọọrọ: “Odò ni.” Ó dun Afẹ̀yìnrìn díẹ̀ pé kò sí nǹkan kan tí ìyá náà fò.

Wọ́n dé kọ́nà. Ìyá Oníbúrẹ́dì ti káwọ́ gbera lábẹ́ àwòrán. Afẹ̀yìnrìn dúró, ó sì rò ó fún wọn bó ṣe wà nínú ìwé: ọgọ́rin tí kò ní orúkọ, ikọ̀ méjì, èébú ojú ewé mọ́kànlá. Wọ́n rẹ́rìn-ín gidi. Nígbà tó dé orí ilé méje, ẹ̀rín wọn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọdún mọ́kànlá, “ẹ” ló fi ń bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà kò rántí.

“Ta ló ní kó o wó ilé ìyá wa?” ó ní.

Alábẹ̀wò béèrè ìwé ẹ̀rí. Afẹ̀yìnrìn fà á lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú èdìdì ilé àkójọ. Obìnrin náà kà á, ó fàmì sí i pé ó dára. Ká ní ó mọ síbẹ̀ ni, Afẹ̀yìnrìn ì bá ti yege. Ṣùgbọ́n Alábẹ̀wò gbójú sókè, ó ní ìtàn mìíràn ni àwọn ọmọ òun gbọ́ nílé ìwé nípa kọ́nà yìí, ta ló ń sọ ìyẹn káàkiri?

Ìyá Oníbúrẹ́dì, pẹ̀lú gbogbo ìbínú rẹ̀, ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó ní àwọn èrò ọ̀nà ni, pé àwọn èrò ọ̀nà a máa purọ́ gan-an. Alábẹ̀wò ti fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Afẹ̀yìnrìn rí báàjì rẹ̀ láyà rẹ̀, ó sì fojú inú rí pálọ̀ ìyàwó rẹ̀ àti gbogbo píìnì orí tábìlì.

“Èmi ni, mà,” ó ní. “Mo purọ́ ẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Mi ò mọ̀ pé ẹnìkan wà níbẹ̀ lóòótọ́.”

Alábẹ̀wò pa ìwé ńlá rẹ̀ dé. Ó ní òfin kò fi àyè sílẹ̀ fún òun, pé irọ́ àtijọ́ náà irọ́ ni. Ó ní báàjì á wà lọ́dọ̀ àwọn fún oṣù mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la, kí Bàbá jọ̀ọ́ parí ti òní ná fún àwọn àlejò. Ó ní “Ẹ má bínú, sà,” ó sì hàn pé inú rẹ̀ kò dùn sí i. Afẹ̀yìnrìn ní kò sí wàhálà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù mẹ́ta wàhálà ló ń dúró dè é nílé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì tán lọ́dọ̀ Ìyá Oníbúrẹ́dì. Ó ti wo àwòrán ara ògiri títí. Ó béèrè pé níbo gan-an ni ilé obìnrin náà wà.

Afẹ̀yìnrìn tú àwòrán ilẹ̀ tó dà kọ lára ìwé náà. Ó lọ fẹ̀yìn ti ògiri nọ́ńbà mọ́kànlélógójì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀. Ilé kan, ilé kejì, ilé kẹta. Nígbà tó di ìkẹrin, ó dúró. Iwájú Alábẹ̀wò ló bára rẹ̀, ní ojú ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń kó àlejò jọ sí láti ro ìtàn. Alábẹ̀wò wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó rọra gbé bàtà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó wọ yàrá oníyàrá láìkanlẹ̀kùn.

“Ẹ kú ilé o, ìyá,” ni Ìyá Oníbúrẹ́dì sọ sí òkúta ilẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló rọra gba ẹ̀gbẹ́ kọjá níbẹ̀. Bàbá tó le létí bi ìyàwó rẹ̀ pé kí ni wọ́n ń yà fún láàárín ọ̀nà tó ṣófo.

“Ilé ẹnìkan ni,” ni ìyá náà wí.