Ẹsẹ̀ Àparò Lára Ọ̀bẹ Michael

Bí ẹ bá gbọ́ pé Ọmọ́ṣọlá rẹ́rìn-ín níbi ìsìnkú, ẹ má tíì pè é ní ìkà. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Opó alágbẹ̀dẹ ni, agboolé wọn wà lẹ́yìn ọjà Kàbà, nílẹ̀ Owé. Nígbà tí Oyèbánjí ọkọ rẹ̀ wà láyé, ọ̀bẹ tó bá rọ kì í ṣẹ́. Tí irin bá ṣì pọ́n bí ata, á lu àmì sí i lẹ́bàá èkù: ìlà mẹ́ta tó yà bí ẹsẹ̀ àparò lórí iyẹ̀pẹ̀. Àwọn ará Iyah-Gbede ń wá rà á, àwọn ará Makutu ń ránṣẹ́ sí i. Nígbà tó kú, kò fi ilé alájà sílẹ̀, kò fi mọ́tò sílẹ̀. Ẹsẹ̀ àparò ló fi sílẹ̀, àti Fẹ́rànmí ọmọ rẹ̀, tó gba owú, òòlù alágbẹ̀dẹ, lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń bá iṣẹ́ lọ.

Michael náà, ọmọ agboolé yẹn ni. Ó ní sọ́ọ̀bù lọ́jà, ó ń ta abọ́ àti ìkòkò àti ọ̀bẹ inú páálí, tó fẹ́lẹ́ bí ewé, tó ń dán bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Ọ̀bẹ náà kò yá lọ́jà, nítorí àwọn èèyàn kò fọkàn tán an. Michael ronú títí, ó kó o lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan, wẹ́dà bá a tẹ ẹsẹ̀ àparò sí gbogbo rẹ̀ lára. Ó wá ń polówó pé ọ̀bẹ Oyèbánjí ti di pọ́ọ́kú.

Ẹ má sì dá àwọn tó ń rà á lẹ́bi tán. Obìnrin tó ń lọ sóko mọ̀ pé ọ̀bẹ kì í dàgbà lọ́wọ́ òun. Ọmọ á fi gbẹ́ ihò ìrẹ̀, á gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Aládùúgbò á yá a, nígbà tó bá yá á ní òun ti dá a padà. Bí ọmọ àti aládùúgbò bá dá a sí, ebè á gbé e mì. Ta ló fẹ́ fi owó gidi ra oúnjẹ ebè? Bí ọ̀bẹ pọ́ọ́kú bá tún wá ní àmì àgbà lára, oníbàárà á rò pé òun ti rẹ́ ọlọ́jà jẹ. Ojú ló ń ra ọ̀bẹ, ọwọ́ ló ń jìyà rẹ̀.

Ọwọ́ tó kọ́kọ́ jìyà ni ti Lucy, aládùúgbò Ọmọ́ṣọlá. Àwọn méjèèjì jọ jókòó níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́ fún gàrí, ni ọ̀bẹ Lucy bá ṣẹ́, tí ṣóńṣó rẹ̀ tó kán wọ̀ ọ́ láàárín àtẹ́lẹwọ́. Ọmọ́ṣọlá ló fún ọwọ́ náà mú kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà jù. Lucy wo àmì ara ọ̀bẹ, ó ké, ó ní, "Oyèbánjí, níbi tó o bá wà, o ò ní sinmi."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ọmọ́ṣọlá lára ju irin tó wọ Lucy lọ. Ọkùnrin tó ti wà nínú ilẹ̀, wọ́n ń ṣépè fún un nítorí iṣẹ́ tí kò ṣe. Ó mú ọ̀bẹ tó ṣẹ́, ó gba sọ́ọ̀bù Michael lọ lọ́jà.

Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, bó tiẹ̀ kéré sí i. Ó ní, "Ọkọ mi, iṣẹ́ ọwọ́ ta nìyí?"

Michael wo ọ̀bẹ, ó wo àwọn oníbàárà tó dúró. "Ìyàwó wa," ó ní, "ṣé àparò ọkọ yín nìkan ló lẹ́sẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Owé ni?"

Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ́ṣọlá bá wọn rín in, ó sì kúrò níbẹ̀. Ó gbé ẹjọ́ lọ bá àwọn àgbà ilé. Wọ́n ní ọmọ ilé ni, kí ìta má gbọ́, kó fi sùúrù sí i. Ó ní òun ti gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́, kò gbà ni.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ìyá Michael kú, arúgbó tó ti rí ọmọ-ọmọ. Michael pinnu láti sin ín tìlù-tìfọn, nítorí àwọn àna rẹ̀ ń bọ̀ láti Iyah-Gbede. Ní agboolé wọn, alápatà kàn máa ń pa màlúù, á bó o, á là á sí méjì, á sì lọ. Gbígé rẹ̀ di ti àwọn ìyàwó ilé, kálukú á mú ọ̀bẹ rẹ̀ wá. Wọ́n gbọ́dọ̀ yọ itan kan fún àna kí àna tó dìde. Àna tó bá lọ lọ́wọ́ òfo, lílé ni wọ́n lé e.

Ọmọ́ṣọlá sì ni àgbà gbogbo ìyàwó ilé. Ó pè wọ́n jọ, ó ní kí ẹnikẹ́ni má mú ọ̀bẹ wá. Ayọ̀kẹ́mi, ìyàwó kékeré inú wọn, bi í pé kí ni wọ́n máa fi gé ẹran.

"Ọkọ wa ń ta ọ̀bẹ," ó ní. "Bí a bá mú ti wa lọ, ṣé wọn ò ní sọ pé a ò fọkàn tán ọjà rẹ̀?"

Ó yé wọn. Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu.

Kí wọ́n tó gbé òkú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Ọmọ́ṣọlá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Ó bẹ ìyá náà pé kó má bínú, pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀, ti ọmọ rẹ̀ ni.

Wọ́n sin ín tán. Àwọn àna jókòó lábẹ́ àtíbàbà, alápatà ti lọ, ìkòkò ń hó. Àwọn ìyàwó ilé ní kí ọkọ wọn mú ọ̀bẹ wá. Michael, nínú léèsì funfun, fi ìgbéraga já páálí tuntun. Ọ̀bẹ kìíní kan egungun, ó ká bí ewé. Ìkejì yọ kúrò nínú èkù rẹ̀. Òmíràn ṣẹ́. Àwọn obìnrin náà kò kánjú. Bí ọ̀kan bá ti bàjẹ́, wọ́n á gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n á mú òmíràn, wọ́n sì dá orin sílẹ̀:

*Ọkọ wa lọlọ́jà, ọ̀bẹ rẹ̀ ń dán,*
*Ẹ wá wo ẹran tó gé ọ̀bẹ.*

Joseph, àgbà àwọn àna, rìn wá síbẹ̀. Ó béèrè pé, "Ṣé màlúù yín ò tíì kú ni?"

Michael rán èèyàn káàkiri àdúgbò kí wọ́n bá òun yá ọ̀bẹ. Gbogbo èyí tí wọ́n kó dé, láti sọ́ọ̀bù rẹ̀ ni wọ́n ti rà á. Ó sáré lọ sí ilé arọ, níbi tí Fẹ́rànmí ti ń rọ irin. Fẹ́rànmí ní ìyá òun ti kìlọ̀ pé ọ̀bẹ kankan kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ìyá fọwọ́ sí i. Ìgbà yẹn ni Michael padà wá, tó lóṣòó síwájú Ọmọ́ṣọlá nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù.

"Ìyá Fẹ́rànmí, ẹ gbà mí. Ẹ bá mi wá ọ̀bẹ."

"Èwo nínú ẹ̀, ọkọ mi? Ẹlẹ́sẹ̀ àparò? Ó kúkú kún iwájú wa."

Ó bẹ̀ ẹ́ pé tí àlejò bá lọ tán, àwọn á sọ ọ́ nínú ilé. Ọmọ́ṣọlá ní ilé náà ni wọ́n wà yìí. Ó ní kó lọ dúró láàárín àna, kó sọ ẹni tó ni àmì náà àti ẹni tó jí i. Michael wo oòrùn. Ó rí i pé àwọn àna ti ń gbọn aṣọ wọn, wọ́n fẹ́ dìde. Ó bá lọ. Ó ní Oyèbánjí ló ni ẹsẹ̀ àparò, pé òun lòun ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára ọ̀bẹ òun, pé Oyèbánjí kò ṣe ọ̀kankan nínú wọn.

Lucy wà láàárín èrò. Ó ní òun kò gbọ́ dáadáa, kó tún un sọ. Michael tún un sọ sókè.

Ibẹ̀ ni Ọmọ́ṣọlá ti rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n lọ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ Fẹ́rànmí, ṣùgbọ́n kò ní kí wọ́n sáré. Nígbà tí itan fi yọ, àwọn àna ti wọ mọ́tò. Michael fúnra rẹ̀ ló gbé e lé èjìká, tó ń sáré tọ̀ wọ́n lójú títì, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí léèsì funfun. Joseph gbà á láti ojú fèrèsé, kò sì dúpẹ́.

Ẹ ò ní gbà gbọ́, Michael ṣì ń ta ọ̀bẹ pọ́ọ́kú títí dòní, àwọn èèyàn ṣì ń rà á. Ayọ̀kẹ́mi ra ọ̀kan lọ́jọ́ ọjà, ó tijú wá fi han Ọmọ́ṣọlá, ó ní èyí tí òun ní tẹ́lẹ̀ ti sọnù sóko. Ọmọ́ṣọlá yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó wo ẹ̀bá èkù rẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ dán láìní nǹkan kan. Ó dá a padà fún un.

"Máa lò ó," ó ní. "Tó bá ṣẹ́, o mọ ẹni tí wàá ṣépè fún."