Mítà Mẹ́ta Ààbọ̀

Títí di òní, bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Télọ̀ nílé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun, ọjọ́ tó bá olùkọ́ dúnàádúrà lórí pèpéle ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ. Ó ti wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, adágún omi wà nísàlẹ̀, ẹni tí kò bá sì fò kò ní gba ìwé-ẹ̀rí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀rù omi ò ti jẹ́ kí ìyẹn lè fò, ẹ̀kẹta yìí sì ni àṣemọ.

"Mítà márùn-ún ti pọ̀ jù," ni Télọ̀ wí. "Ẹ jẹ́ ká ṣe é ní méjì."

"Bàbá, ọkọ̀ tó ń rì kì í gba ẹ̀dínwó."

"Èyí ò tíì rì, ẹ̀yin lẹ kàn ń kánjú. Ó yá, mẹ́ta."

"Bàbá, ẹ fò."

"Mẹ́ta ààbọ̀. Ibi tí agbára mi mọ nìyẹn."

Ó ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó di inú omi. Bó ṣe yọrí, "mẹ́ta ààbọ̀" ló ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín pa ọmọ débi pé ó ti fò kó tó rántí pé ẹ̀rù ń ba òun.

Ọmọ yìí náà ló fà á débẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni Télọ̀ nígbà tó sìn ín lọ forúkọ sílẹ̀, tó rí bí wọ́n ṣe ń ta kókó okùn, tó sì forúkọ tirẹ̀ náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti so gbogbo nǹkan inú ilé mọ́lẹ̀, títí kan ìdérí ìkòkò.

"Bàbá ọmọ mi, ṣé ìkòkò yìí fẹ́ sá lọ ni?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Bí ìjì bá dé, wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ìjì ò dé. Ọ̀bẹ ni ìyàwó fi gé okùn kí wọ́n tó jẹun.

Bàbá àtọmọ jọ gba ìwé-ẹ̀rí ni. Ọkọ̀ ẹlẹ́rù kan wá mú òṣìṣẹ́, ọmọ nìkan ni wọ́n mú, wọ́n ní orúnkún bàbá ò gbé e mọ́. Ó dun Télọ̀, àmọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé àwọn ti ríṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra, ọ̀gá ọkọ̀ ní oṣù mẹ́sàn-án ni ìrìn àjò náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀, wọ́n ń retí kí bàbá ní kó gba mẹ́rin. Télọ̀ wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọkọ̀.

"Mẹ́sàn-án náà dáa," ló wí. "Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀."

Ọmọ ò gbọ́ ọ rí kí bàbá òun gba iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè. Ó wọ inú ọkọ̀ tán kó tó jẹ́ kí omijé bọ́. Bàbá ti lọ báyìí, àárò rẹ̀ sì ń sọ ọ́ ní gbogbo èbúté tó bá dé, àgàgà níbi tí wọ́n bá ti ń nájà.