Irùngbọ̀n Alájì Lẹ̀ Mọ́ Gìtá Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, irùngbọ̀n onílé mi lẹ̀ mọ́ gìtá mi lónìí, ní Ṣakí níbí!

Ọ̀dà pupa tó ṣẹ́kù lára èyí tí mo fi kun alùpùpù fẹ́sípà mi ni mo fi kun gìtá náà. Àárọ̀ yìí ni mo wá fi fáníìṣì pa á lára, torí ọ̀la ni mo fẹ́ lù ú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń dán bíi dígí.

Alájì onílé mi rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ kó lè wo eyín rẹ̀ dáadáa.

"Alájì, ẹ rọra o, kò tíì gbẹ!"

Ó fẹ́ nàró, gìtá bá a dìde.

Ibi tá a ti ń fà á ni ládàánì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun.

"Tíṣà, ṣé gìtá ṣọ́ọ̀ṣì ni kí n gbé wọ mọ́ṣáláṣí?"

Mo mú sísọ́ọ̀sì. Ó figbe ta: "Má dán an wò! Láti Mẹ́kà ni mo ti ń tọ́ ọ bọ̀!"

Kẹrosíìnì la fi yọ ọ́ níkẹyìn, àmọ́ irun funfun mẹ́ta ṣì há sínú fáníìṣì. Mo fẹ́ fà wọ́n tu, Alájì di ọwọ́ mi mú.

"Fi wọ́n sílẹ̀. Èmi náà á bá yín kọrin lọ́la. Kí ìyàwó mi má ṣáà gbọ́."

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n fi sáńpépà họ irun náà kúrò ni, àbí kí n gbé Alájì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?