Gèlè Lórí Ìwọ̀n Ìyá Àgbà

Bí mo bá ti rí ìwọ̀n ẹlẹ́ja, ìyá tó bí bàbá mi ni mo máa ń rántí. Ẹja tútù ni wọ́n ń tà ní Apọ́ngbọ̀n. Bí ọdún bá ti pé lórí òǹtẹ̀ ìjọba ara ìwọ̀n wọn, wọn á da gèlè bò ó, wọn ò ní tajà títí ìjọba á fi yẹ̀ ẹ́ wò. "Òfin ni. Ọlọ́hun náà sì ń wò wá."

Nígbà tí mo gbé àkọ́bí mi wá kí wọn, àǹtí mi ní ká gbé e sórí ìwọ̀n. Gèlè sì wà lórí ìwọ̀n lọ́jọ́ náà.

"Ẹ má fi ìyẹn purọ́ mọ́ ọmọ," ni ìyá àgbà wí.

Wọ́n gba ọmọ mọ́ àyà, wọ́n dijú.

"Ọjọ́ tí wọ́n bí ìwọ, o fúyẹ́ ju báyìí lọ."