Àwọ̀ Ọmọ Tó Ń Da Pẹ́pẹ́yẹ

Ọdún mẹ́rin ni mo fi jẹ́ ohùn ọmọbìnrin kan tí kò sí láyé. Inú kátúùnù ló wà, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ló ń ṣe é. Ó máa ń da pẹ́pẹ́yẹ bàbá rẹ̀ lọ sódò, á sì máa bá ọ̀nì jiyàn. Irun rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, ara rẹ̀ pọ́n bí àgbálùmọ̀. Inú yàrá kótópó kan tí wọ́n lẹ fóòmù mọ́ ògiri rẹ̀ ni mo ti ń sọ̀rọ̀ fún un. Mi ò béèrè rí pé irú ènìyàn wo ni. Ohùn mi ló ń lò, mo ṣáà gbà pé ó dúdú bíi tèmi.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ kátúùnù náà di fíìmù tí ènìyàn gidi máa ṣe, ọ̀gá wa ní kí n wà lára àwọn tó máa yan ọmọ tó máa ṣe é. Àṣé ó ti kéde síta pé ọmọ pupa la ń wá.

Mo ní, "Ọ̀gá, ta ló sọ fún yín pé pupa ni?"

"O ò rí àwòrán ni? Ó jọ ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó. Bí a bá mú dúdú, àwọn ọmọ tó ń wò ó ò ní gbà."

"Irun rẹ̀ wá ńkọ́? Ṣé a máa wá ọmọ tó hu ewé lórí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní wíìgì máa yanjú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà ò tán nínú mi. Mo pe ọkùnrin tó ya ọmọ náà, ní Ìpájà ló ń gbé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ibo lẹ yà yẹn?"

Ó ní, "Mi ò rò ó débẹ̀ jàre. Odò tí mo kọ́kọ́ yà ló dúdú jù. Bí mo bá kun ọmọ náà dúdú, kò ní hàn létí odò yẹn. Mo kàn mú àwọ̀ tó máa yọ ni. Àbí wọ́n ní ọmọ òyìnbó ni?"

Ara mi ò balẹ̀ lẹ́yìn ìpè yẹn. Mo ti ń retí kó sọ pé dúdú ni, kí n lè fi pa ọ̀gá wa lẹ́nu mọ́.

Gbọ̀ngàn kan ní Ìgàndó la ti dán àwọn ọmọ wò. Ọ̀pọ̀ ti kọjá kí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tó wọlé. Ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ọrùn rẹ̀ dúdú bíi kóró iṣin. Ìyá rẹ̀, aránṣọ kan láti Ìṣẹ̀rí-Olófin, ti fi pọ́dà kùn ún lójú, òógùn sì ti fa ilà sínú pọ́dà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe ibi tí wọ́n ti ń bá ọ̀nì jiyàn, bí mo ṣe máa ń ṣe é gan-an ló ṣe é. Kódà ibi tí mo máa ń mí kí n tó sọ̀rọ̀, ó mí níbẹ̀.

Mo dìde. "Mọ̀mí, ẹ jẹ́ ká nu pọ́dà yìí kúrò."

Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ mi mú. "Àǹtí, ẹ ṣàánú wa. Pupa ni wọ́n kọ síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá nù ún, wọ́n máa lé e."

"Wọn ò ní lé e. Ẹ má bẹ̀rù."

Mo ṣèlérí ohun tí kò sí níkàáwọ́ mi. Èmi àti ọ̀gá wa fa ọ̀rọ̀ náà títí, mo sì sọ fún un pé bí kò bá mú ọmọ yẹn, kó wá ohùn míì fún kátúùnù rẹ̀. Ó mú un.

Nígbà tí àwòrán ọmọ náà jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èébú dé. "Èyí kọ́ ni o!" "Wọ́n ti ba kátúùnù wa jẹ́." Ẹnìkan kọ nǹkan nípa àwọ̀ rẹ̀ tí mi ò ní tún sọ. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé wọn. Ìyá rẹ̀ ń ránṣọ, kò gbójú sókè.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ní kí n má bẹ̀rù."

Ọmọ náà jáde, ó wò mí látòkè délẹ̀. "Àǹtí, ẹ̀yin náà dúdú. Kí ló dé tí wọn ò bú yín?"

"Wọn ò rí mi ni."

"Ṣé kí èmi náà máa fi ohùn nìkan ṣe é ni?"

"Rárá!" Igbe tí mo ké dẹ́rù ba èmi gan-an. Ìyá rẹ̀ dá ẹ̀rọ dúró. Ó bi ọmọ rẹ̀ bóyá ó ṣì fẹ́ ṣe é.

"Mo fẹ́ ṣe é. Àmọ́ kí wọ́n má kùn mí mọ́, ó ń yún mi."

A ṣe fíìmù náà. Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi í hàn, mi ò lè jókòó. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo dúró sí, ojú àwọn ọmọdé ni mò ń wò. Àwọn kan ń kùn, wọ́n ní àwọn ò mọ èyí. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo sí ọ̀nì pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ kan lọ́wọ́ iwájú ṣì ń bi bàbá rẹ̀ ìgbà tí ọmọ gidi máa dé. Bàbá rẹ̀ ní kó dákẹ́, kó máa wòran. Mi ò gbọ́ ohun tí ọmọ náà fi dá a lóhùn.